Ṣẹ́gun Wo Lẹ Ń Wí?

Lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn máa ń tẹ́ ọjà wọn sí láàárọ̀, àwọn àgbà kan wà tí wọ́n máa ń dúró ka àkọlé ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìra ẹyọ kan. Mo wà láàárín wọn ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí iyàn bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kan tí ó dé fìlà aláwọ̀ aró sọ pé Òkìtìpupa ni yunifásítì tí Ṣẹ́gun dá sílẹ̀ wà. Bàbá kejì, tí ó ká ìwé ìròyìn àná sábẹ́ abíyá, ní irọ́ ni, pé inú ìlú Oǹdó ni, àti pé ojú òun ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohùn ń lọ sókè, ẹnìkan tilẹ̀ ti ń ka iye ọdún tí ó ti ń gbé Àkúrẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lè purọ́ fún òun. Ọmọkùnrin tí ń ta ìwé ìròyìn ni ó gbé orí sókè, tí ó béèrè pé, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá, Ṣẹ́gun wo lẹ ń wí?"

Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn méjèèjì ló jàre. Olúṣẹ́gun Àgàgú, ọmọ Ìjù-Odò ní agbègbè Òkìtìpupa, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti oṣù Karùn-ún ọdún 2003 títí di oṣù Kejì ọdún 2009. Ìjọba rẹ̀ ni ó fi ìdí yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ múlẹ̀ ní Òkìtìpupa, èyí tí a wá fi orúkọ rẹ̀ pè lẹ́yìn tí ó ti kú ní ọdún 2013. Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ ìlú Oǹdó, dókítà oníṣègùn, ni ó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2009, tí ó sì lo ọdún mẹ́jọ gbáko lórí àléfà. Ìjọba tirẹ̀ ni ó dá yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Orúkọ kan náà ni, ipò kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sì jọra, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé iyàn bẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó tún dà á rú fún àjèjì ni pé Oǹdó fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ nǹkan méjì. Bí ẹnìkan bá ní "gómìnà tí ó jẹ́ ọmọ Oǹdó," ó lè jẹ́ ìpínlẹ̀ ni ó ń sọ, nígbà náà àwọn Olúṣẹ́gun méjèèjì ló bá ọ̀rọ̀ mu. Ó sì lè jẹ́ ìlú Oǹdó, ìlú Òṣemàwé, ni ó ní lọ́kàn, nígbà náà Mímíkò nìkan ni. Àìmọye ènìyàn láti òkèèrè ni ó sì rò pé ìlú Oǹdó ni olú-ìlú ìpínlẹ̀, títí wọn yóò fi sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tí wọn yóò máa béèrè Alágbàká, ibi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, tí a ó sì dá wọn padà sí Àkúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun, nítorí ó ṣì kù. Láti ọdún 2003 títí di ọdún 2005, Olúṣẹ́gun ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, Olúṣẹ́gun ni gómìnà ìpínlẹ̀ wa, Olúṣẹ́gun sì ni akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀: Ọbásanjọ́ ní Àbújá, Àgàgú ní Alágbàká, Mímíkò lábẹ́ Àgàgú. Ọbásanjọ́ ni ó mú Mímíkò lọ sí Àbújá láti ṣe mínísítà ilé gbígbé. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2007 dé, Mímíkò bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ du ipò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, wọ́n kéde Àgàgú, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin sì dá Mímíkò láre. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn orí rédíò nígbà náà láìfetísílẹ̀ dáadáa yóò ṣe kàyéfì ohun tí Ṣẹ́gun ń bá Ṣẹ́gun fà. Ní Èkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì, ni ó ṣe gómìnà láti ọdún 2007 títí tí ilé ẹjọ́ fi yọ òun náà ní ọdún 2010. Ní Ògùn, Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, oníṣẹ́ ìròyìn, ti ṣe gómìnà kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé. Gbólóhùn kan ṣoṣo bíi "ilé ẹjọ́ yọ Gómìnà Ṣẹ́gun" lè tọ́ka sí ènìyàn méjì ní ìpínlẹ̀ méjì tí ó ti jẹ́ ọ̀kan rí, láàárín oṣù ogún.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí? Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé orúkọ àbísọ Yorùbá kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ṣẹ̀dá láti fi ya ẹnìkan sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ilé ni a máa ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí a wò yẹn ni orúkọ sì ń ròyìn. Ilé ọba àti ilé ìjòyè a sọ ọmọ ní Adé. Ilé jagunjagun a sọ ọ́ ní Akin, èyí tí ó pọ̀ jọjọ ní Oǹdó àti láàárín àwọn Ìkálẹ̀. Ilé babaláwo a sọ ọ́ ní Fá, ilé alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ a sọ ọ́ ní Ògún. Ìdílé tí ó ti la ìjà tàbí àìsàn kọjá kí ọmọ tó dé a fi ìṣẹ́gun sí i. Bí ilé ọgọ́rùn-ún bá la wàhálà kọjá, Ṣẹ́gun ọgọ́rùn-ún ni a ó rí, orúkọ náà kò sì purọ́ nínú ọ̀kankan.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì wá gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé yọ Ifá, Ògún àti Awo kúrò nínú orúkọ ọmọ wọn, wọ́n sì fi Olú tàbí Jésù rọ́pò. Ilé tí ì bá sọ ọmọ ní Fáṣẹ́gun sọ ọ́ ní Olúṣẹ́gun. Ògúnṣọlá di Olúṣọlá. Awódélé di Jésùdélé. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ń sọ ilé tí ọmọ ti wá ni ó ṣàn wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo, a wá ń rò pé ajẹ́orúkọkannáà ṣàdédé pọ̀ sí i.

Àwọn orúkọ amútọ̀runwá tilẹ̀ rọrùn láti lóye jù, nítorí kò sí ẹni tí ó yàn wọ́n. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni Táíwò, ẹni tí ó bá dojú bolẹ̀ jáde ni Àjàyí, ẹni tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin. Níbikíbi tí a bá ti ń bímọ, wọn kò lè ṣe kí wọ́n má pọ̀. Táíwò Akínkúnmi, ẹni tí ó ya àsíá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó sì kú ní ọdún 2023, kò bá Táíwò Awóníyì tí ń gbá bọ́ọ̀lù tan rárá. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ kò ju pé a bí àwọn méjèèjì ṣáájú ẹnì kejì wọn. Agbábọ́ọ̀lù mìíràn tún wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, Taye Taiwo, nítorí Táyé jẹ́ ìgékúrú Táyéwò, Táyéwò sì ni Táíwò. Orúkọ kan náà ni ó jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti Àjàyí gba àfiyèsí díẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1864, tí ó sì kú ní ọdún 1891, ń jẹ́ Àjàyí gẹ́gẹ́ bí orúkọ tirẹ̀ gan-an; Crowther ni wọ́n fún un nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, òpìtàn tí ó gbé láyé láti ọdún 1929 sí 2014, jogún Àjàyí tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dà wọ́n pọ̀ ni pé iṣẹ́ ìwádìí Adé Àjàyí dá lórí àwọn míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ wa, Crowther sì wà láàárín wọn gbọnrangandan. Nígbà tí ìwé kan bá wí pé "gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ti sọ," ẹni tí ń kàwé ní láti wo ọdún: bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti lẹ́yìn ọdún 1891, bíṣọ́ọ̀bù kọ́ ni.

Ibi tí mo ti fi ẹsẹ̀ kan àpẹẹrẹ yẹn ni gbòǹgbò ìdàrúdàpọ̀ náà wà jùlọ. Kí àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn tó dé, ènìyàn kì í ru orúkọ baba rẹ̀ kiri gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ìgbà tí ọmọ dé iwájú tísà tí tísà sì ní ìlà méjì láti kún nínú rẹ́jístà ni wọ́n bi í pé ta ni baba rẹ̀, orúkọ àbísọ baba náà sì di orúkọ ìdílé títí ayé. Nítorí náà, orúkọ Yorùbá kan lè jókòó síwájú lára ẹnìkan, kí ó jókòó sẹ́yìn lára ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ń jẹ́ Àjàyí sẹ́yìn lónìí kò fi dandan dojú bolẹ̀ jáde; bàbá rẹ̀ àgbà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àìná jẹ́ orúkọ obìnrin láti ọ̀run wá, síbẹ̀ ọkùnrin gìrìwò ni Ọlá Àìná tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà.

Ní ìhà tiwa níbí, Adébáyọ̀ ni ó fi èyí hàn jù. Ọdún 1999 ni a dìbò yan Adébáyọ̀ Adéfaratì, ọmọ Àkùngbá, ní gómìnà Oǹdó. Ọdún yẹn kan náà ni Níyì Adébáyọ̀ di gómìnà Èkìtì. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, Alliance for Democracy, ni ó gbé àwọn méjèèjì wọlé, ọdún 2003 sì ni àwọn méjèèjì kúrò. Ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo títí di ọdún 1996 tí a gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Mo ti ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀, èmi kò sì rí i bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí orúkọ náà jókòó sí: ti Adéfaratì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ; ti Níyì ni orúkọ tí ó bá lára baba rẹ̀, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ọmọ Ìyìn-Èkìtì, tí ó ṣe gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1966 sí 1971, nígbà tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Èyí ni pé Adébáyọ̀ kan ti ṣàkóso wa láti Ìbàdàn kí Adébáyọ̀ mìíràn tó ṣàkóso wa láti Alágbàká, kò sì sí okùn ẹbí kankan tí a lè tì mọ́ orúkọ náà.

Akíntọ́lá náà rí bẹ́ẹ̀. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, jẹ́ Akíntọ́lá sẹ́yìn. Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó àgbà, tí ó lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún láyé kí ó tó kú ní 2023, jẹ́ ẹ síwájú.

Àmọ́ bí a bá ń wá orúkọ tí ó ti gba gbogbo ọ̀nà tí orúkọ lè gbà, Adékúnlé ni. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí a bá gbọ́ ọ lásán, Michael Adékúnlé Ajásin ni ọkàn wa máa ń lọ sí: ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní ọdún 1908, olùkọ́ tí ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìmádé, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí láti ọdún 1979 sí 1983, ẹni tí yunifásítì Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ẹ bá ẹni tí ó dàgbà ní Adó-Èkìtì sọ̀rọ̀, Adékúnlé tirẹ̀ ni Fájuyì, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ Aguiyi-Ironsi sílẹ̀ fún àwọn sójà tí ó wá mú un ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì jọ pa wọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Ẹ bá ẹni tí ó jagun Biafra sọ̀rọ̀, Adékúnlé tirẹ̀ ni Benjamin, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun Third Marine Commando tí ayé ń pè ní Àkeekèé Dúdú, tí Ọbásanjọ́ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1969. Ẹ bá ọmọ ogún ọdún sọ̀rọ̀, olórin ni yóò dárúkọ, Adekunle Gold, ọmọ ìdílé Kòsọ́kọ́ ní Èkó.

Ajásin, Fájuyì àti Gold jẹ́ Adékúnlé síwájú, Benjamin nìkan ló jẹ́ ẹ sẹ́yìn, nítorí náà àwọn tí ó máa ń dàrú jù ni Fájuyì àti Benjamin: sójà ni àwọn méjèèjì, àkókò kan náà ni òkìkí wọn kàn, àwọn ìwé àtijọ́ sì ń kọ "Colonel Adekunle" láìfi ohunkóhun tẹ̀lé e. Kí ó lè burú pátápátá, ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ni a bí àwọn méjèèjì, Fájuyì ní 1926, Benjamin ní 1936. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ìwé kan ń sọ kò gbọdọ̀ dúró lórí ọjọ́ ìbí. Kí ó wo bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ogun abẹ́lé, nítorí Fájuyì ti kú ní ọdún kan kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgékúrú tún ń dá kún un. Ní ojúmọmọ a kì í pe orúkọ tán. Kúnlé lè jẹ́ Adékúnlé, Ọlákúnlé tàbí Ayọ̀kúnlé. Ṣẹ́gun lè jẹ́ Adéṣẹ́gun. Akin ni ó pọ̀ jù lẹ́nu wa: Akin Ọmọ́boríowó, igbákejì Ajásin tí ó bá a du ipò gómìnà ní 1983 tí Àkúrẹ́ fi gbóná janjan, àti Akin Mábògùnjẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Akinlawọn, kì í ṣe Akin kan náà bí a bá tú wọn palẹ̀. Nínú ti Rótìmí, ìtumọ̀ gan-an lè yàtọ̀. Gómìnà wa tí ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023 ń jẹ́ Olúwarótìmí Akérédolú, ìyẹn ni pé Olúwa dúró tì mí. Ṣùgbọ́n Rótìmí tún lè jáde láti inú Dúrótìmí, orúkọ tí a fi ń bẹ àbíkú pé kí ó má tún padà lọ. Ọ̀kan ń dúpẹ́, ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ni Akérédolú, agbẹjọ́rò àgbà ni Rótìmí Williams tí ó kú ní 2005, ènìyàn sì lè ka ẹjọ́ ọ̀kan mọ́ èkejì lọ́rùn. Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré oníṣe, jẹ́ ẹ sẹ́yìn. Rotimi Amaechi, gómìnà Rivers tẹ́lẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá.

Nípa àmì ohùn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ "Ojo" láìfi àmì sí i ti kọ Òjó tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, àti òjò tí ń rọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ìyàtọ̀, a kò sì lè bá a wí, nítorí àwa fúnra wa ni a ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tú irú ìdìmọ́lẹ̀ yìí, ọgbọ́n náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí a bá dárúkọ ènìyàn fún ìyá àgbà kan ní Ìsínkàn, kò ní béèrè orúkọ mìíràn, yóò ní, "Ọmọ ta ni? Ọmọ ibo ni?" Lápá Ọ̀yọ́, oríkì bí Àjàní tàbí Àkànbí ni ó sábà máa ń parí iṣẹ́ náà. Ní apá tiwa, àdúgbò, oyè àti alájẹ́ ni a gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ohun tí ó mú kí òṣèlú Oǹdó ṣeé sọ láìjà ni pé Mímíkò ti di Ìrókò lẹ́nu ará ìlú, Akérédolú sì ti di Aketi. Ká ní bàbá onífìlà aró ti sọ pé "kì í ṣe Ìrókò ni mo ń wí," a ò bá ti máa ka àkọlé ìròyìn wa lọ ní ìrọ̀rùn.

Fún àwọn ọba, nọ́ńbà ni ó ń ṣe iṣẹ́ alájẹ́. Ní Àkúrẹ́, Adésídà Kìíní, Afúnbíowó, jẹ Déjì láti ọdún 1897 sí 1957, ọgọ́ta ọdún gbáko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adésídà Kejì, Ẹ̀kẹta àti Ẹ̀kẹrin jẹ, láti inú ilé rẹ̀ kan náà, tí Adésídà fi di orúkọ tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́ sẹ́yìn, bí rẹ́jístà tísà ti fẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2010: Adébíyìí Adésídà gorí oyè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ Adésídà Karùn-ún. Afúnbíowó Kejì ni ó jẹ́, títí tí ó fi wàjà ní 2013. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn Àkúrẹ́ tí ó sì rí "Afúnbíowó" láìsí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti wo ọdún kí ó tó tẹ̀síwájú, nítorí ó ju àádọ́ta ọdún lọ láàárín àwọn méjèèjì. Déjì tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 2015, Aládétóyìnbó, ni Òdùndún Kejì, òun náà sì ní Òdùndún kan tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ní Ọ̀yọ́, Adéyẹmí mẹ́ta ni ó ti jẹ Aláàfin. Ẹ̀kínní jẹ láti 1876 sí 1905, nígbà ogun Kírìjì àti nígbà tí òyìnbó ń gba ilẹ̀. Wọ́n lé Ẹ̀kejì kúrò nílùú lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Action Group. Ẹ̀kẹta, Làmídì, ọmọ Ẹ̀kejì, wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Lẹ́yìn òde Ọ̀yọ́, Sam Adéyẹmí jẹ́ pásítọ̀, Kúnlé Adéyẹmí jẹ́ ayàwòrán ilé tí ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ orí omi ní Makoko, Tomi Adeyemi ń kọ ìtàn àròsọ ní Amẹ́ríkà, Karim Adeyemi, tí a bí ní Munich, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Jámánì. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Ọ̀yọ́ fi máa ń rò pé Aláàfin kan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní ìlú Oǹdó, èyí tí ó ti di yunifásítì báyìí. Kì í ṣe Aláàfin rárá. Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí ni, àlùfáà Áńgílíkà àti olùkọ́ tí ó ṣe akitiyan ńlá lórí ẹ̀kọ́ ìwé ní Oǹdó, tí a kò lè sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1919 láìdárúkọ rẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tí ó ń ṣàlàyé fún ọlọ́kadà ní gáréèjì Oǹdó, pẹ̀lú àpótí lórí itan, pé Adéyẹmí tí òun ń wí ni ti ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ọlọ́kadà ti tan ọkadà rẹ̀ kí ó tó parí gbólóhùn náà.